Ọ̀gá Òyìnbó Fi Ìka Mi Kan Tábìlì

Bí ẹ bá pàdé mi lójú pópó, ẹ ò lè mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ ni mí. Mo ń wọ aṣọ tó mọ́, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, àwọn ará àdúgbò sì ń kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ló ní àbùkù. Ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ti kákò sínú àtẹ́lẹwọ́, wọn kì í nà mọ́.

Ọwọ́ yìí ló tú mi fó. Ẹ jókòó kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n rí oorun sùn dáadáa títí dòní.

Orúkọ mi ni Mok Yiu-fai. Ìnsípẹ́kítọ̀ ni mí ní Kowloon nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba Hong Kong. Níbi iná kan tó jó àwọn ilé onípákó lórí òkè ni ìka mi ti rún. Igi àjà wó lù mí, gbogbo èèyàn sá jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ló padà wọ inú iná wá fà mí yọ. Kwong Shek-lam ni, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n Lam ni gbogbo wa ń pè é.

Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá bu tíì fún ẹ, o ò ní la ẹnu dúpẹ́. Ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò lo máa fi kan tábìlì, ó tó bẹ́ẹ̀. Tèmi ò nà, ìka méjì tó kù ni mo fi ń kan án: kó-kó, mà á sinmi díẹ̀, kó. Kò sí ẹlòmíì tó ń ṣe tiẹ̀ báyẹn. Tam Oníkùn, aláwàdà àgọ́ wa, kì í jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ gbọ́ bí Mok ṣe ń dúpẹ́," lá á wí. "Bí ẹni tó wá kanlẹ̀kùn sin gbèsè, tó sì ń bẹ̀rù ajá onílé."

A ó rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ kan náà ni àwa ìnsípẹ́kítọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ àti àwọn òyìnbó jọ ń ṣe, ṣùgbọ́n owó oṣù tiwọn ń fi tiwa ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń gbé ilé ìjọba, ìjọba ló ń sanwó ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ sinmi nílùú wọn. Èyí tí a ò lè gbé mì rárá ni ti ipò. Ẹ̀gbọ́n Lam kọ́ ọmọ òyìnbó kan níṣẹ́, ọmọ tí kò lè fi èdè wa béèrè ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí ọdún tó yípo, wọ́n ti fi ọmọ náà ṣe ọ̀gá lé e lórí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kéde ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Lam nà gbọọrọ, ó kí ọmọ náà bí òfin ṣe wí. Ó wá yíjú sí wa.

"Ẹ wá ká lọ mu tíì."

Bí ẹgbẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé tíì kan ládùúgbò Yau Ma Tei. Ohun mẹ́ta là ń béèrè: kí owó oṣù dọ́gba, kí ẹni tó kọ́kọ́ wọṣẹ́ jẹ́ àgbà, kí wọ́n sì jẹ́ ká fẹnu ara wa yan aṣojú tí yóò máa bá ìjọba sọ̀rọ̀ fún wa.

"Ẹ sún mọ́ ibí," Ẹ̀gbọ́n Lam wí lọ́jọ́ kan. "Bí wọ́n bá lágídí, a lè fi ti owó sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bó bá tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, a lè fi ti ipò sílẹ̀. Àmọ́ ti aṣojú, a ò ní fi sílẹ̀. Ẹni tó bá lẹ́nu lónìí á rí owó gbà lọ́la. Kí ọ̀rọ̀ yìí má kúrò nínú yàrá yìí o. Bí wọ́n bá mọ ibi tá a ti máa rọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa tẹ̀."

Gbogbo wa fìka kan tábìlì pé a gbọ́. Tèmi náà dún níbẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Tredwell pè mí. Òun ni ọ̀gá àgbà wa, òyìnbó gíga kan tó gbọ́ èdè wa díẹ̀, tí ohùn ẹ̀ kì í ròkè.

"Mok, ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti ń ta tíì tó dáa lódìkejì omi? Tíì àgọ́ yìí dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìbọ̀sẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ojú omi kan ni òun wọ̀, èmi wọ òmíràn tó tẹ̀lé e. Ó yẹ kí n ti mọ̀ níbẹ̀. Tíì tí ẹ ò lè jọ wọ ọkọ̀ lọ mu, kì í ṣe tíì lásán.

Kò béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà àfi ọ̀rọ̀ ìka.

"Kí ló dé tí ẹ̀yin èèyàn yìí máa ń kan tábìlì?"

Mo sọ ìtàn ọba àtijọ́ fún un, ọba tó wọṣọ tálákà rìn kiri ìlú, tó bu tíì fún ìránṣẹ́ ẹ̀ nílé tíì. Ìránṣẹ́ náà ò lè kúnlẹ̀ kí àṣírí ọba má baà tú, ló bá fi ìka kúnlẹ̀ lórí tábìlì.

"Ó dára gan-an," Tredwell wí. Ó wo ọwọ́ mi. Mo bu tíì fún un, ó kákò ìka tiẹ̀ bíi tèmi, ó kan tábìlì gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń kàn án. "Báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Inú mi dùn. Òyìnbó tó ń pàṣẹ fún mi ló ń kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ mi yìí. Kò wá sí mi lọ́kàn láti sọ fún un pé ọwọ́ tó bàjẹ́ ló ń wò kọ́ṣẹ́. Bí mo tilẹ̀ rántí, ojú ì bá tì mí láti sọ.

Nígbà tá a tún lọ, ó sọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

"Ipò olórí ìnsípẹ́kítọ̀ kan ṣí sílẹ̀. Bó bá ṣe ti ọdún iṣẹ́ ni, Kwong ló kàn. Àmọ́ àwọn tó wà lókè ń bẹ̀rù Kwong. Wọn kì í gbé ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù ga."

Mo gbé ife mi, mo mu tíì.

"Ilé ìjọba ń bẹ pẹ̀lú ipò náà. Yàrá mẹ́ta. Ilé ìwẹ̀ tìẹ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́. Ọdún ọ̀dá lọdún náà. Omi ẹ̀rọ kì í yọ àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí díẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni èmi, Yuet-ngo ìyàwó mi àti ìyá mi ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, aṣọ la fi pín in sí méjì. Bí omi bá yọ, ìyàwó mi á máa gbé garawa gun òkè títí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi máa gbọ̀n. Ilé yẹn wù mí débi pé itọ́ gbẹ lẹ́nu mi.

"Kí ni wọ́n ń sọ nílé tíì yín?" Tredwell béèrè, bí ẹni ń béèrè ojú ọjọ́.

Mo kọ́kọ́ sọ èyí tí gbogbo ayé mọ̀, pé ohun mẹ́ta là ń fẹ́. Ó mi orí. Ó bu tíì fún mi. Mo kan tábìlì.

"Èwo ni ẹ lè fi sílẹ̀?"

Mo wo ìta. Mo wo inú ife. Mo ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, mo ní òun náà á pàpà gbọ́ ọ níbòmíràn. Bí ẹni tó fẹ́ dalẹ̀ ṣe ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo bá sọ gbogbo ẹ̀ fún un.

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè jókòó síbì kan mọ́. Bí mo bá wà lágọ́, ilé ni mo fẹ́ lọ. Bí mo bá délé, mo fẹ́ jáde. Yuet-ngo kíyè sí i.

"Tíì tó ò ń lọ mu lódìkejì omi yìí, ta ló ń sanwó ẹ̀?"

"Ọ̀rẹ́ kan ni."

"Ọ̀rẹ́ wo? Ẹ̀gbọ́n Lam?"

"Ṣé gbogbo ọ̀rẹ́ mi lo mọ̀ ni?"

Ó gbé garawa ẹ̀. "Mo mọ èyí tó fà ẹ́ yọ nínú iná," ló wí, ó sì lọ tò sórí ìlà omi.

Wàhálà ń gbèrú. A yí ilé tíì padà, kí á tó dé èyí tuntun, òyìnbó kan láti àgọ́ wa ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran, kò gbójú sókè. A tún yí i padà, òun náà la tún bá níbẹ̀. Èmi kọ́ ló dárúkọ ilé tíì kejì fún Tredwell, ẹ gbà mí gbọ́. Èyí tá a kọ́kọ́ yí sí nìkan ni mo dárúkọ. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n tẹ̀lé wa dé ìkejì.

Ẹ̀gbọ́n Lam kó wa jọ. Ojú ẹ̀ ti pọ́n.

"Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ẹnì kan nínú wa ti lanu."

Ẹ̀rù ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

"Tam ńkọ́?" mo wí. "Ṣebí òun ló máa ń bá àwọn òyìnbó lọ síbi eré ẹṣin?"

Tam rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. "Owó mi tó bá ẹṣin lọ ni kí ẹ bá mi wá, ẹ fi mí sílẹ̀."

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

"Mok, ò ń bá mi ṣeré ni, àbí?"

Èmi ló kàn láti bu tíì. Mo gbé ìkòkò, mo bu ti ẹni tó jókòó sọ́wọ́ òsì Tam, mo fo ife Tam, mo bu ti ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìyẹn burú ju ìfọ́tí lọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo wọn ń fo ife Tam. Aláwàdà wa ò dá àpárá mọ́.

Lọ́sẹ̀ náà, Ẹ̀gbọ́n Lam ní ká lọ búra. Ojúbọ Kwan Tai, ọ̀gágun àtijọ́ olójú pupa tó mú idà gígùn dání, wà nínú yàrá àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Òun ni àwa ọlọ́pàá ń bọ, nítorí kò dalẹ̀ ọ̀rẹ́ rí títí ó fi kú. Ẹni kọ̀ọ̀kan gbé tùràrí, ó wí pé bí òun bá ta ẹgbẹ́, kí òun má kú ikú ẹ̀yẹ. Tam búra pẹ̀lú omi lójú. Èmi náà búra. Ohùn mi ò gbọ̀n rárá, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù títí di òní.

Nígbà tó yá, ìjọba ní àwọn ṣe tán láti bá wa jókòó. Tredwell fúnra ẹ̀ ló dábàá ibi tá a máa pàdé.

"Ẹ má jẹ́ ká lo ọ́fíìsì," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é nídìí tíì, bí àṣà yín."

Inú ẹgbẹ́ dùn. Wọ́n ní òyìnbó yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún wa. Tábìlì ńlá róbótó kan ni wọ́n tẹ́ nílé tíì ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé. Tredwell jókòó pẹ̀lú ọkùnrin kan tí wọ́n rán wá láti ilé ìjọba. Ẹ̀gbọ́n Lam kọjú sí wọn, èmi wà lápá ọ̀tún ẹ̀. Tam wà níparí, ife ẹ̀ ṣófo.

Ẹ̀gbọ́n Lam dìde. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ti fojú ẹ̀ rí, ó gbé ìkòkò tíì lọ́wọ́ méjèèjì, ó bu fún Tredwell.

Tredwell rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fẹ́ fi hàn wá pé òun mọ àṣà. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ lé orí tábìlì, ó kákò ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò sínú àtẹ́lẹwọ́, ó sì fi ìka méjì tó kù kan án.

Kó-kó. Ó sinmi díẹ̀. Kó.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé bí yàrá náà ṣe rí. Ẹnì kan tó ti gbé ìpápánu dé ẹnu gbé e padà sínú àwo. Ẹ̀gbọ́n Lam ò gbé ìkòkò kúrò, tíì kún ife Tredwell, ó kún àwo abẹ́ ẹ̀, ó ń ṣàn lórí aṣọ tábìlì, nínú ọdún ọ̀dá tí èèyàn ń ṣọ́ omi lò.

Tam ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe o. Ta ló kọ́ yín?"

"Ọ̀rẹ́ kan ni," Tredwell wí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ máa ń mu tíì dáadáa nìyẹn."

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

Ìgbà náà ni Tredwell wo ojú mi. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ẹ̀gbọ́n Lam yí padà. Ó gbé ìkòkò wá síwájú ife mi, ó sì bu tíì, díẹ̀díẹ̀, kò da ẹ̀kán kan sílẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ọwọ́ mi. Mo ti gbé e pamọ́ sábẹ́ tábìlì.

"Mok," ló wí. "Mo bu tíì fún ẹ."

Mo tẹjú mọ́ tíì náà.

"Ṣé o ò ní dúpẹ́ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n..."

"Gbé ọwọ́ ẹ sókè. Kí a gbọ́ ọ."

Mi ò lè gbé e. Mo fi ọwọ́ òsì di ti ọ̀tún mú sórí itan mi bí ẹni tó di olè mú. Ẹ̀gbọ́n Lam dúró títí ó fi dá a lójú pé kò sẹ́ni tí kò tíì rí i. Ó wá rìn yípo tábìlì lọ bá Tam, ó bu tíì kún ife ẹ̀. Tam fi ìka kan tábìlì.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ìpàdé," Ẹ̀gbọ́n Lam wí.

Kò pẹ́ rárá. Ọkùnrin ilé ìjọba ní kò sówó, ó ní ti ipò náà ò ṣeé fọwọ́ kàn. Àmọ́ ìjọba ti gbọ́ pé aṣojú ló jẹ wá lógún jù, torí náà wọ́n á fún wa ní aṣojú. Ìjọba ló máa yàn án, láti inú àwọn ọ̀gá ọmọ ìbílẹ̀.

"Ta lẹ fẹ́ yàn?" Ẹ̀gbọ́n Lam béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Olórí ìnsípẹ́kítọ̀ tuntun. Ọ̀gbẹ́ni Mok."

Báyìí ni mo ṣe gba ipò, báyìí ni mo ṣe gba ilé yàrá mẹ́ta, tí mo sì di aṣojú tí ẹnikẹ́ni ò rán níṣẹ́. Mo máa ń jókòó nínú ìpàdé ìjọba. Wọ́n á ní, "Kí làwọn èèyàn yín ń fẹ́?" Mi ò mọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ níwájú mi mọ́. Wọ́n ń kí mi bí òfin ṣe wí. Wọ́n ń ṣe gbogbo ohun tí mo bá pa láṣẹ. Àmọ́ nídìí tíì, ìkòkò á lọ yípo, á fo ife mi. Mo kọ́ bí èèyàn ṣe ń bu tíì fún ara ẹ̀.

Mo lọ bẹ Tam. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Sà, ṣé àṣẹ ni kí n dárí jì yín?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀.

Yuet-ngo bá mi kó lọ sílé tuntun. Ó wẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jáde, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé ó dùn?" mo bi í.

"Omi ni," ló wí.

Ẹ̀gbọ́n Lam ni wọ́n gbé lọ sí àgọ́ kan lẹ́bàá ààlà, láàárín oko ìrẹsì àti pẹ́pẹ́yẹ. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ipò ẹ̀ ò sì sún ní ìka kan. Lọ́jọ́ àsè ìdágbére ẹ̀, mo lọ. Wọn ò pè mí, ṣùgbọ́n olórí ni mí, kò sẹ́ni tó lè lé mi.

Àṣà ni pé kí àwọn ọmọ iṣẹ́ bu tíì fún àgbà tó ń lọ. Ẹni kọ̀ọ̀kan ń bu fún un, ó ń fi ìka méjì kan tábìlì fún wọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan ẹni tó kẹ́yìn, mo gba ìkòkò náà. Mo fẹ́ kó bo ife ẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ kó bú mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún méjèèjì.

Ó jẹ́ kí n bu ú. Ó jẹ́ kó kún. Ó wo ojú mi pẹ́, ojú kan náà tó fi wò mí nínú iná lọ́jọ́ yẹn. Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ lé tábìlì, ọwọ́ tó dá ṣáká, ó rọra kákò ìka méjì tó tẹ̀lé àtàǹpàkò sínú àtẹ́lẹwọ́.

Kó-kó. Ó sinmi díẹ̀. Kó.